Omi Gbóná, Ṣùgbọ́n Èéfín Ńkọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ ní ìpàdé orí Zoom ti ẹ̀ka Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tí kò wá.)

  

Ọ̀rọ̀ hítà onígáàsì ni mo bá wá, èyí tó ń mú omi gbóná nínú ilé wa ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má tíì pa fóònù, ó kan ẹ̀yin náà.

Lọ́dún tí a ra ilé wa, a pààrọ̀ furnace àtijọ́ sí tuntun. Kò pẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ gbogbo wa. Òòyì ń kọ́ mi, àbíkẹ́yìn wa ń bì. Ìyàwó mi ní ibà ni, èmi ní iṣẹ́ àṣejù ni, ìyá mi ní ká gbàdúrà. A gbàdúrà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti jáde nílé, ara á yá. Tí a bá padà wọlé, ó tún dé. Lóru ọjọ́ kan, alámù carbon monoxide tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. A kó àwọn ọmọ jáde sínú òtútù, a pe 911. Àwọn panápaná gbé ẹ̀rọ wọn wọlé, wọ́n ní hítà wa ló ń da èéfín padà sínú ilé.

Kí ló fà á? Furnace àtijọ́ àti hítà jọ ń lo ṣímínì kan ṣoṣo ni. Ooru furnace ló ń mú ṣímínì gbóná tí èéfín fi ń gòkè. Páìpù ti tuntun gba ara ògiri jáde, ó ku hítà nìkan nínú ṣímínì ńlá tó tutù. Èéfín rẹ̀ ò lágbára láti gòkè mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ náà wò ó, kò wò ó. Èmi náà ò gba ìwé àṣẹ kí ayẹ̀wò lè wáyé, torí mo fẹ́ ṣọ́ owó ná. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́ra. Èéfín tí mo ń sọ yìí yàtọ̀. Carbon monoxide ò láwọ̀, kò rùn. Ní gbogbo ìgbà tí orí ń fọ́ wa yẹn, omi wa ń gbóná dáadáa! Pé omi gbóná kò sọ pé hítà ò léwu.

Nítorí náà, ẹ lọ wo tiyín:

1. Páìpù èéfín. Láti orí hítà, kó máa gòkè lọ, ó kéré tán ínǹṣì 1/4 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kó má jò, kó má dẹ́gùn-ún, kí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ ní skúrù. Páìpù irin onípele kan gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 6 jìnnà sí pákó. Ìta gbangba ni kó yọ sí, kì í ṣe inú àjà. Páìpù oníke wà fún hítà tí wọ́n ṣe fún un nìkan.

2. Afẹ́fẹ́. Iná ń mí bí èèyàn. Hítà 40,000 BTU ń fẹ́ àyè tó tó yàrá ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 16, tí àjà rẹ̀ ga ní 8. Tí àyè bá kéré síyẹn, ó gbọ́dọ̀ ní ojú afẹ́fẹ́. Ẹ má kó Ghana-must-go dí i o!

3. Ìdánwò. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan fáànù ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀, ẹ ṣí omi gbígbóná kí hítà lè tan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa ìṣáná, ẹ mú èéfín rẹ̀ súnmọ́ ibi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá fà á sókè, ó dáa. Tó bá tì í padà, ẹ pa hítà, ẹ jáde, ẹ pe iléeṣẹ́ gáàsì.

4. Alámù. Ọ̀kan ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan, àti lẹ́bàá ibi tí ẹ ń sùn. Tó bá dún, ẹ kọ́kọ́ jáde, ìta ni kẹ́ ẹ ti pe 911.

5. Ìwé àṣẹ. Ẹ gbà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn, ayẹ̀wò ìjọba ló máa sọ tiyín.

Ẹ̀yin ará ilé, hítà onígáàsì tí wọ́n ń gbé kọ́ inú balùwẹ̀ báyìí, tí kò ní páìpù tó jáde síta, èéfín kan náà ló ń tú. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru, tí ilẹ̀ fi ń mọ́ bá òkú. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà sí fèrèsé.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù ya fọ́tò alámù ilé rẹ̀ sórí WhatsApp wa. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ, ká bá a rà á. A ò ní fi omi gbígbóná ṣòfò ara wa.