Gọ́tà Àdúgbò Wa

Inú Ràmàdáánì la wà ní 26 August 2011 tí omíyalé ṣọṣẹ́ n'Íbàdàn, tí ó lé ní 100 ènìyàn tó bá a lọ. Kádàrá ni o, ṣùgbọ́n ta ló ń da pàǹtí sódò? Àwa náà ni.

Ànọ́bì wa kọ́ wa pé mímú ìdíwọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ara ìgbàgbọ́ ni. Onílé, ayálégbé, ẹ jẹ́ ká jọ kó gọ́tà. Ká sì kọ̀wé sí kánsù ṣáájú, kí ọkọ̀ wọn wá kó pàǹtí náà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá sùn sẹ́bàá gọ́tà, òjò á gbé e padà. Bí kánsù bá ní ká má kọ́lé sétí odò, ká gbọ́. Ọlọ́hun á gba ààwẹ̀ wa. Àmín.