ILẸ̀ TÍ ADÌYẸ Ń TẸ̀: ÀMÁNÀ TÍ Ń BẸ NÍNÚ ILÉ ADÌYẸ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wa sọ ní Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé adìyẹ ni. Bí ẹgbẹ́ bíi tiwa bá fẹ́ ran ìyá àwọn ọmọ òrukàn lọ́wọ́ kí ó lè máa bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí ni sísin adìyẹ ẹlẹ́ran, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní bùróílà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń tó tà. A máa ń ṣírò owó ọmọ adìyẹ, a máa ń ṣírò owó oúnjẹ àti ti oògùn àjẹsára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣírò owó ohun tí a ó tẹ́ sílẹ̀ fún wọn?

Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ kò ṣàì gbọ́ ìtàn tí àwọn baba ńlá wa ń pa nípa adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, tí wọ́n ní ó fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ ká orí omi. Àwa Mùsùlùmí mọ Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó pa ìtàn yẹn mọ ìwà adìyẹ dáadáa. Ẹ wo adìyẹ ìbílẹ̀ ní àgbàlá: ó ń tan ilẹ̀ láti wá oúnjẹ, ó ń yí nínú eruku kí kòkòrò lè kúrò lára rẹ̀. Bí ibì kan bá tutù, yóò kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí ó gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yan ilẹ̀ tí yóò tẹ̀. Adìyẹ tí a sé mọ́lé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá yàn fún un ni yóò dúró lé, orí rẹ̀ ni yóò ti jẹun, orí rẹ̀ ni yóò sùn, orí rẹ̀ náà ni yóò yàgbẹ́ sí, títí di ọjọ́ tí a ó pa á.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ obìnrin tí Ànábì wa sọ fún wa pé ó wọ iná nítorí ológbò. Ó sé ológbò náà mọ́lẹ̀, kò bọ́ ọ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹ̀dá tí a bá ti gba ilẹ̀ Ọlọ́hun lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn wa ni gbogbo ohun tí ì bá wá fún ara rẹ̀ wà. Àmánà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí wá le sí i lórí bùróílà. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà sin irú adìyẹ tí wọ́n ń sìn ní ọdún 1957 pọ̀ mọ́ irú ti ọdún 2005, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì fún wọn. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 56, ti 1957 kò tó kílò kan, ti 2005 sì lé ní kílò mẹ́rin. Ara tí ó tètè wúwo báyìí máa ń rẹ ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ń tó pa, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ ni wọ́n fi ń dùbúlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń kan ilẹ̀. Àyà wà níbẹ̀, orókún ẹ̀yìn wà níbẹ̀.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀ náà bá tutù? Ìgbẹ́ àti omi á pò pọ̀, òórùn amóníà á máa jáde. Òórùn yìí ń ta ojú, ó sì ń ba ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ jẹ́. Ìgbẹ́ tí ó rin á máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ wọn títí yóò fi di egbò dúdú. Orókún á jó, àyà á lé ròrò. Ibi tí ó tutù tí ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà ni kòkòrò àrùn kokisídíósísì ti ń gbèrú, èyí tí ó ń mú kí adìyẹ máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Adìyẹ tí ẹsẹ̀ ń ro kì yóò rìn lọ síbi oúnjẹ àti omi bí ó ti yẹ. Àwọn àgbà sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yóò rí ìyẹ́ funfun, kò ní rí egbò abẹ́ ẹsẹ̀.

Ní ọdún 2004, Marian Dawkins ti Yunifásítì Oxford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí adìyẹ bíi mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 ní àwọn oko ńlá. Wọ́n rí i pé kíkún ilé ní àkúnjù ń pa adìyẹ lára, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó tóbi jù wà lórí bí afẹ́fẹ́, ooru àti gbígbẹ ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ ti rí. Ní Sweden, láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ń yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ adìyẹ wò ní ilé ìpẹran. Bí egbò bá pọ̀, wọ́n á tọ́ olóko sọ́nà, wọ́n sì lè dín iye tí ó ń sìn kù. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2007 sọ pé gbogbo adìyẹ ẹlẹ́ran gbọ́dọ̀ máa wà lórí ohun títẹ́ tí ó gbẹ, tí kò sì dì.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ̀ sílé. Sìmẹ́ǹtì lásán ń tutù, ó sì ń le mọ́ adìyẹ lára. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lásán kò ṣeé fọ̀ dáadáa lẹ́yìn tí a bá ta wọn tán, àrùn tí ó kù níbẹ̀ yóò sì dúró de àwọn tí ń bọ̀. Wáyà kéèjì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá egbò sí àyà adìyẹ tí ó wúwo, kò sì sí ohun tí yóò tàn níbẹ̀. Èyí tí ó bá ilé àwọn ìyá wa mu jù ni ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a da èérún pákó lé lórí, ní ìwọ̀n ínṣì 3 sí 4. Èérún tí ń jábọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fá pákó ni kí a wá ní sọ́míìlì, kì í ṣe eruku pákó lẹ́búlẹ́bú, nítorí pé àwọn ọmọ adìyẹ á máa jẹ ẹ́, á sì máa wọ̀ wọ́n nímú. Pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí kò dára. Èèpo ìrẹsì náà ṣeé lò.

Kí mítà kan níbùú lóròó má gbà ju adìyẹ 10 lọ. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 kò yẹ kí ó gbà ju 90 lọ. Kí òrùlé má jò, kí wáyà ẹ̀gbẹ́ ilé jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí a sì dáàbò bo ibẹ̀ lọ́wọ́ òjò, pàápàá láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá. Abẹ́ ike omi ni ó máa ń kọ́kọ́ tutù. Kí a gbé ike náà ga tó ẹ̀yìn adìyẹ, kí a kó ibi tí ó bá ti rin dànù lójoojúmọ́, kí a fi tuntun dípò rẹ̀, kí a sì máa tú ìyókù kí ó má baà dì.

Ìdánwò rẹ̀ kò nira. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un pọ̀, kí o sì la ọwọ́. Bí ó bá di ìṣù tí kò tú, ó ti tutù jù. Bí ó bá dì díẹ̀ tí ó sì fọ́, ó dára. Bí kò bá dì rárá tí ó ń tú eruku, ó ti gbẹ jù. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ títí imú rẹ yóò fi dé ibi tí imú adìyẹ wà. Bí ojú bá ta ọ́ níbẹ̀, mọ̀ pé ibi tí wọ́n ń sùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan tún kan èyí. Ànábì kọ̀ fún wa láti jẹ ẹran tí wọ́n ń pè ní jalālah, ìyẹn èyí tí ó sọ ìgbẹ́ jíjẹ di oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n gbà á wá pé Ibn Umar a máa sé irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó jẹ ẹ́. A kò sọ pé adìyẹ orí èérún pákó di èèwọ̀, nítorí pé oúnjẹ gidi ni púpọ̀ jù nínú ohun tí ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣa nǹkan jẹ nínú ẹrẹ̀ ìgbẹ́, a kò ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀, a kò sì ṣe ẹ̀tọ́ ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọmọ adìyẹ ta opó lọ́rẹ, kí ó fi owó èérún pákó kún un títí wọn yóò fi tó tà. Bí ilẹ̀ yàrá náà kò bá ní sìmẹ́ǹtì, kí a dín iye adìyẹ kù kí a lè fi owó náà ṣe ilẹ̀. Adìyẹ 50 lórí ilẹ̀ tí ó gbẹ sàn fún ọmọ òrukàn ju 100 tí ìdajì rẹ̀ kú. Èkejì, àwọn tí a bá rán lọ bẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n gbé adìyẹ bíi mẹ́wàá, kí wọ́n sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀kẹta, nígbà tí a bá fẹ́ ra adìyẹ fún ìkómọ tàbí ọdún, kí a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí a tó dá iye lé e. Bí àwọn oníbàárà bá ń wo ẹsẹ̀, àwọn olóko á máa wo ilẹ̀.

Èérún tí a bá kó jáde kì í ṣe òfò. Bí ó bá ti jẹrà, ajílẹ̀ rere ni fún oko ẹ̀fọ́, ìyá àwọn ọmọ sì lè tà á.

Kí Ọlọ́hun Ọba gba ìnáwó wa ní iṣẹ́ rere, kí Ó bá wa tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn, kí Ó sì jẹ́ kí a lè jíhìn gbogbo ẹ̀dá tí Ó fi sábẹ́ wa. Àmín.