KÍ WỌ́N TÓ DÁBẸ́ FÚN ỌMỌKÙNRIN YÍN

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan bá ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé oṣooṣù

Mo mọ̀ pé àwọn kan fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kí wọ́n tó wá, torí náà n kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ okó ọmọ ọwọ́ ni mo bá wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ń tijú láti pe orúkọ rẹ̀, báwo ló ṣe máa ṣàlàyé fún dókítà bí nǹkan bá ṣe ọmọ níbẹ̀?

Nílẹ̀ wa níbí, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ máa ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin. N kò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ọjọ́ kẹjọ yẹ. Kí abẹ tó kàn án, ẹ tú ọmọ wò dáadáa. Ẹ wo ibi tí ìtọ̀ ti ń jáde. Orí ṣóńṣó gan-an ló yẹ kí ihò náà wà. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ okó ni tiwọn wà, ti òmíràn sún mọ́ ẹpọ̀n pàápàá. Awọ iwájú rẹ̀ kì í sì sábà yí i po tán, á wá dà bí ẹni pé wọ́n ti dá a díẹ̀ láti ọ̀run. Àwọn àgbà á ní ọmọ yìí ti kọlà wá sáyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e! Awọ yẹn gan-an ni dókítà oníṣẹ́ abẹ máa ń lò láti fi tún ojú ìtọ̀ ṣe. Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ mọ̀ ọ́n: èyí tí a bá ti gé dànù, kí la fẹ́ fi lẹ ibi tó ya?

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, èyí tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, èyí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ dúró ná. Ẹ sì béèrè bóyá ọkùnrin kan wà lẹ́bí ìyá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀. Àìsàn kan wà bẹ́ẹ̀ tí ìyá lè gbé fún ọmọkùnrin rẹ̀ láìmọ̀. Ọjọ́ ìdábẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ hàn lára àwọn ọmọ mìíràn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Awọ tó bo orí okó lẹ̀ mọ́ ọn láti inú oyún wá, bí èékánná ṣe lẹ̀ mọ́ ìka. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣí díẹ̀díẹ̀; ó lè gba ọdún púpọ̀, ti òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìgbà tó bá bàlágà. Kì í ṣe àrùn. Ẹ má fi ọwọ́ fà á sẹ́yìn, ẹ má ki òwú bọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá fipá ṣí i, á ya, á ṣẹ̀jẹ̀, àpá á sì mú kó há. Omi lílọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ fi fọ òde rẹ̀, ó tán. Nǹkan funfun tó bá ṣù sábẹ́ awọ kì í ṣe ọyún, ara tó ń bó ni. Bí ọmọ bá dàgbà tí awọ náà ti ń ṣí, òun fúnra rẹ̀ ni kó máa fà á, kó fi omi ṣàn án, kó sì dá a padà síwájú. Bí kò bá ṣeé dá padà, orí okó á wú: ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni!

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wẹ ọmọ ní London, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ibẹ̀ ni wọn kì í dábẹ́ fún, ọsibítù ìjọba wọn kì í sì sábà ṣe é láìnídìí àìsàn. Ẹ lè bá ọmọ-ọmọ yín pẹ̀lú awọ rẹ̀. Ìwẹ̀ tiwa, tí a ń fa apá fa ẹsẹ̀, kó má dé ibẹ̀ yẹn o.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni kó ṣe é, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n ti sè. Abẹ ìdọ̀tí lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹnu ọmọ á há, kò ní lè mu ọmú mọ́. Bó bá jẹ́ òrùka onírọ́bà ni wọ́n lò, ẹ má fà á. Á bọ́ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Nǹkan pípọ́n fẹ́lẹ́ tó máa bo ojú rẹ̀, egbò ló ń jinná. Mo mọ̀ pé omi ìgbín ni àwọn olóòlà ń kán sí i láyé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí ìgbín wà nínú ọbẹ̀. Dettol, pọ́dà, omi gbígbóná, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ kàn án.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Bí kò bá dá, ẹ gbé ọmọ, ó di ọsibítù. Ẹ má dúró de bàbá rẹ̀. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ tó wọn kílò 3 kò kún ìgò mínírà kan. Bákan náà ni bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 12, bí orí okó bá dúdú, bí pupa bá ń tàn lọ síkùn, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná.

Ó tó báyìí. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ tí ó fẹ́ kí n wò, kó gbé e wá sẹ́yìn ìsọ̀ Ìyálọ́jà, mo wà níbẹ̀ títí di aago mẹ́rin.