Pẹpẹ Ibùsùn fún Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ibùsùn inú ilé, bí kò ṣe èyí tí a lè kàn sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ni ọkọ̀ fẹ́ fi ibùsùn ṣe?" Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí kìlómítà 1,000. Ta ni yóò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí oorun kò ní kùn ún? Àwọn awakọ̀ mìíràn a gbé orí lé sìtíárì sùn. Àwọn mìíràn a tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀. Ti àkọ́kọ́ a jí pẹ̀lú ọrùn dídùn. Ti èkejì kò mọ ìgbà tí ẹnìkan yóò sún ọkọ̀ lé òun lórí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún gbéra, ojú á sì máa pa dé. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin ju mítà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ọkọ̀ ti rin ju mítà 60 láìsí ẹni tó ń wò ó. Ṣé ẹ rí i pé ibùsùn ọkọ̀ kì í ṣe fàájì? Ọmọ ìyá búréèkì ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù fún ìrìn-àjò ìgbafẹ́. Òrùlé rẹ̀ a máa ga sókè ní alẹ́, a sì máa wálẹ̀ bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ. A lè mú ọgbọ́n yìí lò fún iṣẹ́ tiwa.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Àwọn àgbà ní, "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́." Ẹ má ṣe wọn ọkọ̀ kí ẹ tó wọn ẹni tí yóò sùn. Kí ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí orí àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, íǹṣì 72 nìyẹn. Ẹ fi íǹṣì 4 kún un, ó di 76. Fún ẹnìkan, íǹṣì 30 ní ìbú tó.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin kò gùn ju nǹkan bí íǹṣì 60 lọ. Ṣé kí ènìyàn wá ká eékún sùn mọ́jú ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ náà jẹ́ ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan dúró, kí èkejì máa yọ jáde.

Ẹ gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 9, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní íǹṣì 3, kó sì gùn ní íǹṣì 44. Ẹ kan 5 mọ́ igi ìdábùú gbọin-gbọin. Ẹ so 4 yòókù pọ̀ ní orí, kí wọ́n máa wọ àárín àwọn 5 bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka ọwọ́ méjèèjì bọ ara wọn. Ní ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ kò ju íǹṣì 44 lọ. Ní alẹ́, ẹ fà á síwájú ní íǹṣì 32, ó di 76. Kí igi ìdábùú kan wà létí iwájú láti gbé e ró, nítorí íǹṣì 16 yóò yọ sórí òrùlé ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ẹ gbé pẹpẹ ga díẹ̀, kó má fara kan òrùlé náà. Ẹ fi bóòtì dè é, kó má baà yọ kọjá ibi tó yẹ. Abẹ́ pẹpẹ di àyè ẹrù nìyẹn.

Igi wo ni kí a lò? Ìrókò lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo; ẹ fi í ṣe òpó àti ìdábùú nìkan. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò máa ń jẹ ẹ́. Àfàrà gbígbẹ dára fún pákó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó nìkan, nítorí gbígbọ̀n ọ̀nà máa ń tú u. Bóòtì ni kí ẹ fi de òpó mọ́ ara ọkọ̀.

Ẹ tẹ́ ẹní sórí pákó, kí ẹ tó gbé fóòmù lé e. Afẹ́fẹ́ yóò máa gba àlàfo kọjá, fóòmù kò ní bu. Ẹ fi òrùlé tapólì bò ó lórí òpó irin tó ń ga tó sì ń wálẹ̀. Kó ga tó íǹṣì 40 sí pẹpẹ ní alẹ́, kí ènìyàn lè jókòó. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí atẹ́gùn má baà gbá a mú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ohun mẹ́ta yìí mú. Ẹrù wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, nítorí ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo tètè ń ṣubú ní kọ́nà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ẹ má ṣe sùn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, jẹnẹrétọ̀ tàbí ìkòkò iná èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Gáàsì kan ń ti inú wọn jáde tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí fèrèsé méjì wà, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò wọ́n.

Kí iṣẹ́ tó parí, kí ẹni tó ni ín dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kó yí sọ́tùn-ún, kó yí sósì. Bí ó bá mì, ẹ fi igi dá a ní ìbú láti ìdí òpó kan sí orí èkejì. Bí ó bá dún, ẹ wá ibi tí bóòtì ti dẹ̀.

A máa ń gbàdúrà pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàdúrà náà ní láti sùn dáadáa kó tó di sìtíárì mú.