Ta Ló Ń Paná Nínú Fóònù?

[ORIN ÈTÒ, KÓ LỌ SÍLẸ̀ DÍẸ̀DÍẸ̀]

OLÓÒTÚ: Bó bá jẹ́ fóònù Android lẹ fi ń gbọ́ wa, Linux ló wà nídìí ẹ̀. Kernel Linux ló ń pín iṣẹ́ fún processor, òun náà ló sì ń bójú tó iná tí processor ń jẹ. Ètò tó fi ń darí fóltì wọlé sínú Linux lọ́dún 2008. Liam Girdwood àti Mark Brown ló kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ Wolfson Microelectronics, ní Edinburgh, ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Nokia N900 tó jáde lọ́dún 2009. Processor inú ẹ̀, bó bá ń sáré 600 MHz, fóltì 1.35 ló ń gbà. Bó bá rọra ń lọ ní 125 MHz, 0.975 tó o. Ẹ lè ní kí ni ìyẹn náà jẹ́. Ẹ dúró ná! Iná tí iṣẹ́ kan ń jẹ, fóltì lọ́nà fóltì ló ń tẹ̀lé. 1.35 lọ́nà 1.35 lé díẹ̀ ní 1.8. 0.975 lọ́nà ara ẹ̀ ò pé 1. Iṣẹ́ kan náà, iná fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìdajì!

Yàtọ̀ sí kó dín fóltì kù, kernel tún lè paná pátápátá. Àmọ́ inú chip pín sí ẹkùn-ẹkùn, àwọn ẹkùn mìíràn sì jọ ń mu iná láti ojú kan. Bí ayálégbé tó jọ ń lo jẹnẹrétọ̀ kan ni: ẹni tó bá parí iṣẹ́ tiẹ̀ ò lè pa á mọ́ àwọn yòókù lójú. Kernel ń ka iye àwọn tó ṣì ń lò ó. Ìgbà tó bá ku òdo ló tó lè paná.

[ORIN DÍẸ̀]

Ibi tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ìwé tó bá ètò yìí rìn kìlọ̀ pé àṣìṣe níbẹ̀ lè ba irinṣẹ́ jẹ́ pátápátá. Chip méjì tó jọra lójú sọ́fítíwìà, iná wọn lè má dọ́gba. Nítorí náà, kernel kì í fọwọ́ kan fóltì kankan àfi bí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù tí chip náà wà lórí ẹ̀ bá ti kọ ibi tó lè dé, lókè àti nísàlẹ̀. Sọ́fítíwìà tó mọ̀ pé òun ò mọ̀, ẹ ò rí nǹkan! Ẹ wo iná tó ń lọ sí memory: wọ́n máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kú láé. Kí ló dé? Inú memory yẹn ni kernel fúnra ẹ̀ ń gbé. Bó bá paná ibẹ̀, ara ẹ̀ ló pa.

Wọ́n ti ń juwọ́ sí mi látẹ̀yìn gíláàsì o. Kíá: àwọn ẹkùn kan wà nínú chip tí wọn ò ní fóltì tí wọ́n ń yàn, ká tàn án tàbí ká pa á ni. Nígbà tó di 2011, Rafael Wysocki gbé ètò ọ̀tọ̀ wá fún irú wọn, ó wọ Linux 3.1, àwọn méjèèjì sì... Ó mà tán! Ìròyìn ló kàn.

[ORIN ÈTÒ]