Ibojì Òbí Kò Gbọdọ̀ Di Igbó



Ní ilẹ̀ Kòríà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, bí wọ́n ti ń fi òṣùpá ka oṣù, ni Chuseok, àjọ̀dún ìkórè wọn. Àlejò tí ó bá débẹ̀ nígbà náà yóò rí i pé ojú ọ̀nà kún fọ́fọ́. Olúkúlùkù ń lọ sí ilé baba rẹ̀. Wọn a máa fi ìrẹsì tuntun ṣe àkàrà songpyeon. Wọn a ro ibojì àwọn òbí wọn, wọn a sì foríbalẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà kan, Ìjọ Mímọ́ fòfin de irú ààtò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni Paul Yun Ji-chung ṣe dáná sun pátákó orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní 1791 ni a bẹ́ ẹ lórí. Ṣùgbọ́n ní 1939, lábẹ́ Póòpù Pius Kejìlá, Róòmù gbà pé kí ọmọ tẹríba fún òbí tí ó ti kú kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Lónìí, àwọn Kátólíìkì Kòríà ń rú ẹbọ Mísà fún òkú wọn ní Chuseok. Ní 2014, Póòpù Francis ka Paul náà kún àwọn alábùkún.

Ọlọ́run nìkan ni ìsìn tọ́ sí. Ọ̀wọ̀ tọ́ sí òbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ má ṣe fi ìgbàgbọ́ bo ìgbàgbé mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ mú ọkọ́ dé ibojì ìyá yín. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ tọrọ Mísà fún un.

Kí Olúwa fún wọn ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Àmín.