Ẹ̀rọ Aṣàwárí Irin àti Bátìrì Rẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ aṣàwárí irin wọ ọkọ̀ òfurufú tí kò bá ti ilé to ẹrù rẹ̀ dáradára, iwájú àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò ní pápákọ̀ ni yóò ti tún un tò, nígbà tí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ń pòṣé, tí ọkọ̀ sì ń múra àtigbéra.

Ta ni í gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rìnrìn-àjò? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń fi í najú ní ọjọ́ ìsinmi. Wọn a máa gbé e kiri inú oko àti etí òkun, wọn a máa wá owó àtijọ́, òrùka àti bọ́tìnnì tí ó ti rì sínú ilẹ̀ láti ayébáyé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àgbẹ̀ kan ní abúlé Hoxne, ní agbègbè Suffolk, sọ òòlù rẹ̀ nù sínú oko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ní ẹ̀rọ yìí pé kí ó bá òun wá a. Owó wúrà àti fàdákà àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà ké sí, iye rẹ̀ sì lé ní 14,000. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú. Àwọn British Museum gbà á mọ́ ìṣúra náà. Ní ọdún 2009, ẹlòmíràn tún fi irú ẹ̀rọ kan náà kan wúrà àwọn Anglo-Saxon ní Staffordshire. Irú ìròyìn báyìí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn gbé ẹ̀rọ wọn kọjá òkun, kí wọ́n lọ dán ọwọ́ wò ní ilẹ̀ mìíràn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti lóye. Agbo wáyà kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀. Bí iná bátìrì bá ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà yìí, agbára òòfà a máa ti ibẹ̀ jáde wọ inú ilẹ̀. Bí agbára náà bá kan irin, ìbáà ṣe wúrà, ìbáà ṣe idẹ tàbí ìṣó lásán, iná kékeré a máa sáré yípo nínú irin náà, irin náà a sì máa ta agbára òòfà tirẹ̀ padà sókè. Èyí ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tí ó fi ń ké. Ní ọdún 1881, nígbà tí wọ́n yìnbọn lu James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Alexander Graham Bell tí ó ṣe tẹlifóònù gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí ọta ìbọn fara pamọ́ sí. Kò rí i. Àwọn wáyà inú ibùsùn pàápàá wà lára ohun tí ó da ẹ̀rọ náà lójú rú. Garfield kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Józef Kosacki, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ṣe èyí tí ọmọ ogun lè gbé lọ́wọ́ láti fi wá àdó olóró tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì lò ó ní El Alamein, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní 1942. Ohun èlò ogun ni ó di ohun ìnajú bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá ní pápákọ̀. Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í já ọkọ̀ òfurufú gbà lemọ́lemọ́, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1973, kò sí èrò kan tí yóò wọkọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ òun àti ẹrù ọwọ́ rẹ̀ wò. Ọmọ ìyá ni ẹnu ọ̀nà yẹn àti ẹ̀rọ inú àpò arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá náà kò ní tìtorí èyí fojú fò ó.

Òfin kò ní kí ènìyàn má gbé ẹ̀rọ aṣàwárí irin wọkọ̀. Ohun tí ó ń fa ọ̀rọ̀ ni bí ó ṣe ń rí lójú ẹ̀rọ X-ray: àpótí kékeré, wáyà tí a ká jọ, bátìrì, ọ̀pá gígùn. Òṣìṣẹ́ tí ó rí i kò lè mọ̀ láti inú àwòrán pé eré ọjọ́ ìsinmi ni. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà wà lókè ẹrù, kí ó rọrùn láti yọ, kí a má sì fi aṣọ àti okùn dì í bí ẹni di òkú. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé ìtajà dára láti mú dání. Ìdáhùn tààrà ni ó tó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù dápàárá níbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀. Ní ti ọkọ́ kékeré, ọ̀bẹ àti ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń wú ohun tí ẹ̀rọ bá ké sí, ikùn ọkọ̀ ni àyè wọn.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ le sí, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà kò ní wàhálà púpọ̀. Bátìrì lítíọ́mù, irú èyí tí ó wà nínú tẹlifóònù alágbèéká àti nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ aṣàwárí irin òde òní, ni ó yàtọ̀. Ọdún 1991 ni èyí tí a lè gba iná sí lákọ̀tun nínú wọn kọ́kọ́ dé ọjà. Ó fúyẹ́, ó sì ń gba iná púpọ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n omi kẹ́míkà inú rẹ̀ ń gbiná. Bí ó bá fọ́, tàbí tí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó onírin so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó lè gbóná kọjá ààlà; ooru rẹ̀ a sì ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí iná yóò fi sọ.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ọkọ̀ akẹ́rù Boeing 747 kan gbéra ní Dubai, ó ń lọ sí Cologne ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bátìrì lítíọ́mù wà nínú ẹrù rẹ̀. Iná sọ láàárín ẹrù, èéfín kún ibi tí àwọn awakọ̀ jókòó sí débi pé wọn kò rí ojú àwọn aago iwájú wọn mọ́. Wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ já lulẹ̀, àwọn awakọ̀ méjèèjì sì kú. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, Àjọ Ọkọ̀ Òfurufú Àgbáyé kò jẹ́ kí wọ́n kó irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lásán bí ọjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sínú ikùn ọkọ̀ tí ń gbé èrò.

Ènìyàn lè béèrè pé, bí ó bá léwu tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí òfin fi ní kí èrò mú bátìrì àpọ̀jù wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ó má jù ú sínú ikùn ọkọ̀? Gáàsì tí wọ́n fi ń pa iná nínú ikùn ọkọ̀ lè pa ọwọ́ iná, ṣùgbọ́n kò lè tu bátìrì tí ń gbóná lára, kò sì sí ojú ènìyàn níbẹ̀. Lókè, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò rí èéfín ní kíá, wọn yóò sì da omi sí i kí ó lè tutù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iná sọ nínú àpótí ẹrù òkè orí èrò nínú ọkọ̀ kan ní Busan, ní ilẹ̀ Kòríà, kí ó tó gbéra. Gbogbo èrò rí ọ̀nà jáde. Àwọn olùwádìí nàka sí páwà báǹkì gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á, ìjọba ilẹ̀ náà sì pàṣẹ láti oṣù kẹta pé kí wọ́n má fi irú rẹ̀ sínú àpótí òkè mọ́. Ibi tí ojú àti ọwọ́ ti lè tètè tó bátìrì ni ó yẹ ẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ tún kù. Iye fóòtì ni a ó fi sọ iye ámpíà-wákàtì di púpọ̀. Èyí ni lẹ́tà Wh tí wọ́n ń kọ sára bátìrì ń sọ. Bátìrì tí ó jẹ́ fóòtì 3.7, tí ó sì gba 5,000 mAh, èyí tí í ṣe 5 Ah, yóò jẹ́ 18.5. Títí dé 100, kò sí ẹni tí yóò da èrò dúró. Láti 100 dé 160, àfi kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí i, méjì péré ni ènìyàn sì lè mú dání ní àpọ̀jù. Ohun tí ó ju 160 lọ, kò gbọdọ̀ bá èrò wọkọ̀. Kí a lẹ téépù mọ́ orí bátìrì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí olúkúlùkù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀. Kí a má sì gbàgbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí ń lọ sí etí: bátìrì wà nínú òun náà. Bí ọkọ̀ bá kún, tí òṣìṣẹ́ gba àpò ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà láti lọ fi sí ikùn ọkọ̀, ìgbà náà gan-an ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé pé bátìrì wà nínú rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀, òfin ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó kàn. Ní ilẹ̀ Faransé, láti 1989, ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ yìí wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba àṣẹ. Òfin Áílándì ti 1987 tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, Òfin 77 ti ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wú ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìní ìwé àṣẹ. Ó nídìí. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n fi kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di ìsinsìnyí. Arìnrìn-àjò tí ó bá sì rí ohunkóhun bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa kò lè dì í mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ padà sílé. Ìwé àṣẹ mìíràn ni àwọn aṣọ́bodè yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọkọ̀.